Omi Tí Òfin Ti Ń Yọwọ́ Kúrò Lórí Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Odò Kéékèèké àti Àbàtà ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas

Mo kí yín o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfiyèsí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa omi, mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ omi ní Houston yìí, omíyalé ló ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn oníkálukú. A ó dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà débẹ̀ ni òfin kan tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tó sì ti ń ṣọ́ omi tí à ń mu láti ọdún 1972. Òfin náà ṣì wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gé e lápá, wọ́n ti ń gé e lẹ́sẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Odò ńlá kì í ṣàdédé di odò ńlá. Àwọn odò kéékèèké tí kò lórúkọ, tí wọ́n ń ṣàn nígbà òjò tí wọ́n sì ń gbẹ nígbà ẹ̀rùn, àti àwọn àbàtà inú igbó tí kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí, ló ń bọ́ ọ. Àwọn yẹn gan-an ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń yọwọ́ kúrò lórí wọn. Níbi tí ìjọba àpapọ̀ bá ti yọwọ́, ìpínlẹ̀ ló kù. Ní Texas tiwa yìí, ìpínlẹ̀ kò tíì dìde. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òfin náà ti wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1969, odò Cuyahoga tó gba àárín ìlú Cleveland kọjá ní ìpínlẹ̀ Ohio gbaná. Odò ni mo wí o. Epo àti pàǹtí iléeṣẹ́ ló bo ojú omi náà tí iná fi rí nǹkan jó. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Odò yẹn ti gbaná ju ìgbà mẹ́wàá lọ ṣáájú, ti ọdún 1952 sì ba nǹkan jẹ́ ju ti 1969 lọ fíìfíì. Ohun tó mú ti 1969 yàtọ̀ ni ọkùnrin tó wà nípò olórí ìlú nígbà náà, Carl Stokes, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn láti ṣe olórí ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kejì iná náà, ó kó àwọn akọ̀ròyìn sẹ́yìn lọ sétí odò, ó fi ibi tí iná ti jó hàn wọ́n, ó sì mú wọn dé ibi tí ìdọ̀tí ti ń ya wọnú odò. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn bí Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú omi rẹ̀, wọn kì í sábà rántí pé èèyàn dúdú kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sílẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbé òfin omi mímọ́ náà kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Clean Water Act. Ààrẹ Nixon kọ̀, kò buwọ́ lù ú, ó ní owó tó máa gbé pọ̀ jù. Àwọn aṣòfin kò dúró dè é. Láàárín ọjọ́ kan wọ́n ti dìbò lé e lórí: 52 sí 12 nílé ìgbìmọ̀ àgbà, 247 sí 23 nílé àwọn aṣojú. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló jọ ṣe é. Tí mo bá rántí ìdìbò yẹn lónìí, tí mo sì wo bí wọ́n ṣe ń jà lórí omi báyìí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni.

Ohun méjì pàtàkì ni òfin náà ṣe tó kan ọ̀rọ̀ wa. Èkíní, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi páìpù da ìdọ̀tí sínú omi láìgba ìwé àṣẹ. Èkejì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da yẹ̀pẹ̀ tàbí yanrìn dí omi tàbí àbàtà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka oníṣẹ́ ẹ̀rọ inú Iléeṣẹ́ Ológun, ìyẹn Army Corps of Engineers. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ro oko wọn bí wọ́n ṣe ń ro ó tẹ́lẹ̀, òfin kò dí wọn lọ́wọ́. Láti 1977 ló ti wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn tó fẹ́ kí òfin náà kú máa ń fi àgbẹ̀ bojú.

Ṣùgbọ́n omi wo ni òfin náà ń ṣọ́? Ó ní "àwọn omi Amẹ́ríkà", ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni wọ́n ti ń jà láti àádọ́ta ọdún. Ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ohùn kan sọ pé àbàtà tó bá odò pààlà wà lábẹ́ òfin. Ní 2001 wọ́n yọ àwọn adágún tó dá dúró kúrò. Ní 2006 ohùn wọn pín: mẹ́rin síbí, mẹ́rin sọ́hùn-ún, Adájọ́ Kennedy dá dúró láàárín, ó ní tí omi kékeré bá ń nípa gidi lórí omi ńlá, kí òfin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ààrẹ kan ti ń kọ ìlànà tiẹ̀ tí èkejì sì ń pa á rẹ́. Obama kọ tiẹ̀ ní 2015, Trump fa ìyẹn ya, ó kọ tiẹ̀ ní 2020, ilé ẹjọ́ kan ní Arizona fagi lé e ní 2021, Biden tún kọ tiẹ̀ ní 2023. Mi ò ní fi gbogbo ìyẹn dá yín lágara.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí a ṣe ń dá àbàtà mọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí fara sin sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí omi bá ti dúró gọ́gọ́ ni àbàtà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé kí wọ́n tó kọ́lé tàbí kí wọ́n tó la títì, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀ náà. A máa ń yí irin kan wọlẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, a ó fà á jáde, a ó to yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rá bó ṣe jáde gẹ́lẹ́, ti òkè lókè, ti ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀ máa ń pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ ilẹ̀ oko, nítorí afẹ́fẹ́ ń dé ibi tí irin inú yẹ̀pẹ̀ wà. Èyí tí omi ti ń rin gbingbin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọọdún máa ń di àwọ̀ eérú, àmì pupa tó jẹ́ ti irin tó dípẹtà á sì wà káàkiri ibi tí gbòǹgbò koríko gbà wọlẹ̀. Nígbà mìíràn, tí o bá gbé e símú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. A ní ìwé àwọ̀ tí a fi ń wé e kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojú wa ló ń ṣe wá. Lẹ́yìn náà la ó wo irú koríko àti igi tó hù síbẹ̀, a ó sì wá ipa tí omi fi sílẹ̀ sára èèpo igi.

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn Texas bá mú dáadáa, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbẹ débi tó fi sán. Èèyàn á rìn ín já, bàtà rẹ̀ kò ní tutù. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tà á dúró lórí rẹ̀, á ní, "Àbàtà wo lẹ rí níbí?" Yẹ̀pẹ̀ tó wà lórí ọ̀rá yẹn ló máa dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá akùrọ̀ rí nílé kò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀. Ẹ mọ ilẹ̀ tó ń fún tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lómi láàárín ẹ̀rùn nígbà tí oko òkè ti gbẹ táútáú. Omi wà níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló wà.

Kí ni irú ilẹ̀ yẹn ń ṣe fún wa? Tí òjò bá rọ̀, éékà kan rẹ̀ lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ajílẹ̀ bá ṣàn wá láti oko, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú yẹ̀pẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé yẹn á sọ náítírójínì inú rẹ̀ di afẹ́fẹ́, á fẹ́ lọ. Fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Omi tó jáde á mọ́ ju èyí tó wọlé lọ. Kò sẹ́ni tó sanwó fún iṣẹ́ yìí, kò sì sí iná mànàmáná tó ń lò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Toledo, ní Ohio. Àbàtà ńlá kan wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn àríwá ìpínlẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pè é ní Great Black Swamp, ó gùn tó bí 120 máìlì, ó fẹ̀ tó bí 40 máìlì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n la kòtò sí i, wọ́n ri páìpù amọ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, ó di oko àgbàdo àti sóyà. Ilẹ̀ oko náà dára gan-an, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n gbogbo ajílẹ̀ tí òjò bá fọ̀ níbẹ̀ ń gba odò Maumee lọ tààrà sínú Adágún Erie, kò sí ohun tó ń sẹ́ ẹ mọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2014, ewédò olóró pọ̀ nínú adágún náà débi pé ìjọba ìlú ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi ẹ̀rọ. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má sè é, nítorí sísè á jẹ́ kí oró náà le sí i ni. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún tó wà lára àwọn tó tóbi jù lọ láyé, wọ́n sì ń tò fún omi inú ike. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Òfin omi mímọ́ kò sì lè mú àwọn tó ni oko yẹn, nítorí òfin náà kò ka omi òjò tó ń ṣàn láti ilẹ̀ oko mọ́ ìdọ̀tí tó ń gba páìpù iléeṣẹ́ jáde. Èyí ló mú kí àbàtà níye lórí tó bẹ́ẹ̀: ibi tí òfin kò dé, òun ń dé ibẹ̀.

Ní báyìí, ẹjọ́ tó yí gbogbo nǹkan padà. Tọkọtaya Sackett ra ilẹ̀ tí kò tó éékà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adágún Priest ní ìpínlẹ̀ Idaho ní 2004. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sí i láti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, pé àbàtà ni. Owó ìtanràn tí wọ́n fi dẹ́rù bà wọ́n lé ní $40,000 lójúmọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń tu owó jọ kí a tó rí ilẹ̀ rà, ẹ mọ bó ṣe máa rí lára wọn. Lójú tèmi náà, ìyà yẹn pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tó máa gbé. Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló gbà pé òfin kò dé ilẹ̀ wọn. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, bóyá mi ò bá má wá síbí lónìí.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2023, márùn-ún nínú wọn, tí Adájọ́ Samuel Alito kọ ìdájọ́ fún, sọ pé odò tàbí adágún tí omi kì í sábà kúrò nínú rẹ̀ nìkan ni òfin ń ṣọ́. Àti pé àbàtà kò sí lábẹ́ òfin àfi tí omi orí ilẹ̀ bá so ó mọ́ irú odò bẹ́ẹ̀ láìsí àlàfo, débi tó fi máa ṣòro láti mọ ibi tí odò parí sí. Tí títì bá dá àbàtà àti odò lágbedeméjì, tàbí tí omi bá gba abẹ́ ilẹ̀ lọ láti ọ̀kan sí èkejì, ó ti bọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé gbòǹgbò tí kò yọ sókè kì í ṣe ara igi. Adájọ́ Brett Kavanaugh, tó jẹ́ pé Trump ló yàn án, kọ̀wé lòdì sí ìlànà yìí, àwọn adájọ́ mẹ́ta mìíràn sì dúró tì í. Ó tọ́ka sí odò Mississippi: wọ́n ti mọ odi yẹ̀pẹ̀ sétí odò náà láti dá omi dúró, ìlànà tuntun yìí sì lè yọ àwọn àbàtà tó wà lẹ́yìn odi yẹn kúrò lábẹ́ òfin, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń bá wọn gba omíyalé dúró. Mo tẹnu mọ́ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú lásán ni mo gbé wá.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, EPA àti Iléeṣẹ́ Ológun gbé àbá tuntun jáde tó tún fún ọrùn òfin náà ju bí ilé ẹjọ́ ṣe fún un lọ. Nínú àbá yẹn, odò gbọ́dọ̀ máa ṣàn jálẹ̀ ọdún, ó kéré tán jálẹ̀ àsìkò òjò, kó tó di omi lójú òfin. Àbàtà náà gbọ́dọ̀ fara kan irú odò bẹ́ẹ̀, omi sì gbọ́dọ̀ hàn lójú ilẹ̀ rẹ̀ jálẹ̀ àsìkò òjò náà. Ẹ rántí yẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ eérú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lábẹ́ àbá yìí, ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀ nìkan kò tó mọ́.

Wọ́n á ní odò tó ń gbẹ, kí ló fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni? Ní ọdún 2024, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Àwọn onímọ̀ náà ṣírò omi tó ń ti inú àwọn odò tó jẹ́ pé lẹ́yìn òjò nìkan ni wọ́n ń ṣàn wá. Wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó ń jáde láti inú àwọn ètò odò Amẹ́ríkà ló ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ju ìdajì lọ! Ní Arizona, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn odò wọn ló jẹ́ èyí tó ń gbẹ nígbà kan nínú ọdún. EPA fúnra rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ tipẹ́ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 117 èèyàn ní orílẹ̀-èdè yìí ń rí omi mu láti ibùdó omi tó gbára lé irú àwọn odò yìí àti orísun wọn, ì báà jẹ́ ní apá kan.

Àwa náà wà nínú wọn. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yín ní Houston yìí, ẹ ti bi ara yín rí pé ibo ló ti wá? Apá tó pọ̀ nínú omi Houston ń wá láti Adágún Livingston, lórí odò Trinity. Odò Trinity sì ti gba Dallas àti Fort Worth kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà ẹ̀rùn, omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́ tí wọ́n sì ti fọ̀ mọ́ ní àwọn ìlú yẹn ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣàn nínú odò náà. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, wọ́n ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Àmọ́ ó jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé láàárín Dallas àti ife omi yín, àwọn odò kéékèèké ìlà oòrùn Texas àti àwọn àbàtà etí Trinity ló ń bù kún un, tí wọ́n sì tún ń sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá da yẹ̀pẹ̀ dí ọ̀kan nínú wọn ní ibi tó jìnnà sí wa fún wákàtí mẹ́ta, omi wa ló fọwọ́ kàn.

Omíyalé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà níbí ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 nígbà tí ìjì Harvey dé. Ní Nederland, lápá ìlà oòrùn wa, òjò tó rọ̀ lé ní ọgọ́ta ínǹṣì. Ní Harris County, ilé tó lé ní 150,000 ni omi wọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé àbàtà ì bá dá Harvey dúró. Òjò yẹn ju agbára ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Harvey nìkan ló ń wọlé tọ̀ wá. Òjò ọjọ́ kan lásán tó ń kún títì Bissonnet, tó ń wọ ìsàlẹ̀ ilé, òun ni àbàtà lè gbà. Láyé àtijọ́, gbogbo ìwọ̀ oòrùn ìlú yìí títí dé Katy jẹ́ pápá koríko tó kún fún kòtò kéékèèké tí omi ń dúró sí. Wọ́n ti fi kọnkéré bo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọdún kan gééré lẹ́yìn tí Harvey gúnlẹ̀, àwa olùdìbò Harris County fọwọ́ sí kí ìjọba yá bílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là láti fi dènà omíyalé. Apá ńlá nínú owó yẹn ni wọ́n fi ń gbẹ́ kòtò ńlá tí omi òjò á máa dúró sí. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. A ń fi owó orí wa gbẹ́ kòtò, a sì ń gbà kí wọ́n dí èyí tí Ọlọ́run ti gbẹ́ sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, èyí ló ń dùn mí jù.

Àwọn ará wa tó wà ní Atlanta náà ti rí tiwọn. Àbàtà Okefenokee, ní gúúsù Georgia, ni odò Suwannee àti odò St. Marys ti ń sun jáde. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ wa títáníọ́ọ̀mù létí rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà tí Trump kọ ní 2020, àbàtà tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún éékà níbẹ̀ bọ́ lábẹ́ òfin lójijì, láìjẹ́ pé omi kan kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi kọ lẹ́tà tí wọ́n sì fi lọ sípàdé. Níkẹyìn, ní 2025, àjọ kan tó ń pa ilẹ̀ mọ́ ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yẹn, ó ná wọn ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù dọ́là. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àbàtà mélòó ni èèyàn lè rí ọgọ́ta mílíọ̀nù fi rà padà?

Ẹ gbà mí láyè kí n yà sílé díẹ̀, nítorí owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé ń kọ́ ilé ní Lẹ́kí, ní Ajah àti ní Ìbẹ̀jú. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ níbẹ̀, kó bèèrè ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó rọ yanrìn sí i. Tó bá jẹ́ àbàtà ni, omi náà kò lọ síbì kankan. Ilé ẹni tí kò lówó tó láti rọ yanrìn ló yà sí. Èmi kò lè máa jà fún àbàtà Texas kí n sì máa rówó fún ẹni tó ń dí ti Èkó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní tí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ ṣọ́ omi rẹ̀, kó ṣọ́ ọ. Colorado ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024: wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ dí àbàtà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. New Mexico tẹ̀ lé wọn ní 2025. North Carolina yí ẹ̀yìn sí i: ní 2023, kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìdájọ́ náà, àwọn aṣòfin wọn ní ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣọ́ àbàtà kankan ju èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ lọ. Gómìnà Roy Cooper kọ̀, wọ́n dìbò lé e lórí.

Texas tiwa ńkọ́? Òfin omi ìpínlẹ̀ yìí dárúkọ àbàtà mọ́ ara omi ìpínlẹ̀, kedere bí ojú ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì kankan ní Austin tí èèyàn gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ kó tó dí àbàtà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe é, Texas kò dá tiẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, níbi tí ìdájọ́ Sackett bá ti yọ àbàtà kúrò, kò sẹ́ni tó máa béèrè lọ́wọ́ katapílà ibi tó ń lọ. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwa ni onílé.

Ilé aṣòfin Texas kì í jókòó lọ́dọọdún. Ọdún 2027 ni ìjókòó wọn tó ń bọ̀, oṣù kìíní ló máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 140 péré ni. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹta kó tó kọ lẹ́tà ti pẹ́. Ìsinsìnyí ni kí ẹ wádìí ẹni tó ń ṣojú àdúgbò yín, kí ẹ sì kọ̀wé sí i pé ẹ fẹ́ ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ fún dídí àbàtà, bíi ti Colorado. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín sí i, ẹ sọ ìgbà tí omi wọlé yín. Lẹ́tà kan tó sọ ibi tí omi dé lára ògiri pálọ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí. Bákan náà, ọ́fíìsì Army Corps tó wà ní Galveston máa ń gbé ìkéde jáde tí ẹnikẹ́ni bá ń tọrọ àṣẹ láti dí omi tó ṣì wà lábẹ́ òfin ní agbègbè wa. Wọ́n máa ń fún aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn èèyàn kan náà ló ń sọ ọ́ ṣáá. Mi ò tíì rí orúkọ Yorùbá níbẹ̀ rí.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Mo kọ méjì sílẹ̀ níbí.

Ìyá kan bi mí pé ṣé omi ẹ̀rọ ti léwu láti mu báyìí. Rárá, mà. Òfin mìíràn ló ń ṣọ́ omi ẹ̀rọ, láti 1974 ló ti wà, ìdájọ́ Sackett kò fọwọ́ kàn án. Iléeṣẹ́ omi gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí omi orísun bá ṣe dọ̀tí tó ni kẹ́míkà àti owó tí wọ́n á ná lórí rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, inú owó omi yín ló sì máa ti jáde. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé àbọ̀ nípa omi náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje. Ẹ má jù ú nù pẹ̀lú àwọn ìwé ìpolówó ọjà.

Ẹ̀gbọ́n kan ní òun fẹ́ ra ilé tuntun nínú ẹ̀sítéètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, báwo lòun ṣe máa mọ̀ bóyá àbàtà ni wọ́n dí. Àwòrán ilẹ̀ méjì ni kí ẹ wò, sà. Ọ̀kan ni ti FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àjálù, tó ń sọ ibi tí omi lè kún dé. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, ni ti Fish and Wildlife Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ẹja àti ẹranko igbó, tó fi ọ̀pọ̀ àbàtà hàn. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún wo fọ́tò tí wọ́n yà láti òfuurufú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́. Láti 2019, òfin Texas ti ní kí ẹni tó ń ta ilé sọ fún olùrà tí omi bá ti wọ ilé náà rí. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò kan ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wò ó. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ sì rìn dé ẹ̀yìn ilé tó wà ní ìparí ẹ̀sítéètì náà.